Níbo ni kí a ti máa jẹun ní Darjeeling, pẹ̀lú ìyá àgbà tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀?

Ìyá Ráfíù (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ wa ọkùnrin ń kàwé ní Kolkata ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi yóò sì lọ kí i ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà. Ó ti ní kí a bá òun gòkè lọ sí Darjeeling fún ọjọ́ mélòó kan, kí a lè fojú ara wa rí òkè Kangchenjunga kí a tó padà sílé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ibi tí a óò sùn kò kàn mí, ọmọ ń bójú tó ìyẹn. Oúnjẹ ni mo wá béèrè.

Mùsùlùmí ni wá. A kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, a kì í sì í mu ọtí. Ìyá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún wọn kò fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́, wọn kì í sì í fẹ́ fi ẹnu kan oúnjẹ tí wọn kò bá mọ ọwọ́ tó sè é. (Bí a bá ń lọ òde níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ pàápàá, wọ́n á ti jẹun nílé kí a tó jáde.) Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ń dárúkọ ilé oúnjẹ méjì kan, Glenary's àti Keventer's, ọmọ mi sì sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú momo, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń wé ẹran, tí wọ́n ń tà ní ìlú náà. Ẹni tó bá ti gbé apá ibẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí a máa jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí ìyá yóò fi yó, tí ọkàn wọn yóò sì balẹ̀? Ọkọ mi ní kí n fi kún un pé ṣé ata wà níbẹ̀.

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ìrìn àjò, ìyá wa, ẹ sì bá mi kí ìyá àgbà. Siliguri, ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, ni mo gbé nígbà tí mo ń kàwé, Darjeeling sì ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá lọ bí ooru bá mú jù. Kí ẹ tó kọ orúkọ ilé oúnjẹ kankan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan méjì fún yín. Èkíní ni pé ara òkè tó dà gẹ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí, ní nǹkan bíi 2,000 mítà sókè ju òkun lọ. Èkejì ni pé àwọn tó ń dáná níbẹ̀ tètè ń paná. Ẹni tó bá mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé, tó sì mọ wákàtí tí iná ṣì wà nídìí ìkòkò, yóò jẹun dáadáa ju ẹni tó ń fi orúkọ ilé oúnjẹ wá ọ̀nà kiri lọ.

Apá òkè ni gbàgede tí wọ́n ń pè ní Chowrasta wà. Ọkọ̀ kì í wọ ibẹ̀, àwọn àgbààgbà sì máa ń jókòó yá oòrùn lórí bẹ́ǹṣì. Láti ibẹ̀ ni Nehru Road ti rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà yìí sì rọrùn fún orúnkún. Glenary's wà lójú ọ̀nà náà, Hasty Tasty wà níbẹ̀, Keventer's sì wà ní ìparí rẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Clubside. Láti Clubside ni Gandhi Road àti Laden La Road ti gba ọ̀nà tiwọn lọ, nígbà tí ọjà ńlá Chowk Bazaar wà nísàlẹ̀. Lílọ sí ọjà náà kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni, bíbọ̀ ni iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ sọ fún ọmọ kí ó gba yàrá sí ìtòsí Chowrasta, kí ó sì jẹ́ pé ojú Nehru Road ni ìyá yóò ti máa jẹun, kí ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín le máa sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àwọn ibi yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú Keventer's kúrò lọ́nà. Oúnjẹ àárọ̀ tó sọ ibẹ̀ di olókìkí, tí àwọn ènìyàn ń tò sí lórí òrùlé gbalasa ilé náà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Ibi tí ènìyàn lè jókòó wòran ìlú ni, wíwò rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n tíì nìkan ni ẹ̀yin lè mu níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ momo ló gba àlàyé. Ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń wé ẹran gígún tàbí kábéèjì pẹ̀lú àlùbọ́sà, wọn kì í sábà dín in, ooru omi ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n á wá fi ata tòmátì lílọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú omi ẹran díẹ̀ nínú abọ́. Bí ẹ bá dé ìdí ẹni tó ń tà á, ẹ má ṣe tíì béèrè ohunkóhun, ìkòkò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwo oníhò ni wọ́n tò léra wọn, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, sórí ìkòkò omi tó ń hó. Ooru ń gba inú ihò gòkè, ọ̀rá ẹran sì ń kán láti àwo òkè sórí ohun tó wà nínú àwo ìsàlẹ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá wà lókè, momo oníkábéèjì tó wà nísàlẹ̀ ti gba tirẹ̀. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń tà á pé ṣé ẹran wà nínú rẹ̀, yóò ní rárá, kò sì purọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi Mùsùlùmí pé bíbéèrè ohun tó wà nínú momo kò tó, ìkòkò tí wọ́n fi sè é ni kí wọ́n béèrè.

Hasty Tasty yọ yín nínú gbogbo ìyẹn, nítorí pé ẹran kankan kì í wọ inú ilé náà. Oúnjẹ Íńdíà ni wọ́n ń sè: ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà oríṣiríṣi àti ẹ̀fọ́ nínú àwo ńlá kan, àti dosa, èyí tí wọ́n fi ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó kan díẹ̀, dín pẹlẹbẹ lórí agbada. Kò sí ẹ̀ṣọ́ púpọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jẹun ni yóò fúnra rẹ̀ lọ gba àwo, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń tán kíákíá, tútù sì ń dé, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n fọkàn tán an.

Kunga ni èmi fẹ́ràn jù ní gbogbo ìlú náà. Ilé oúnjẹ kékeré ti àwọn ará Tibet ni, ní Gandhi Road, tábìlì rẹ̀ kò pọ̀, ẹ sì lè bá àjèjì jókòó pọ̀. Thenthuk wọn, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọwọ́ já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú omi ẹran tó ń hó, ni oúnjẹ tó tọ́ sí òtútù ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀. Àmọ́ gbogbo oríṣi ẹran ni wọ́n ń sè, ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú wọn, nítorí náà n kò ní sọ fún ìyá pé kí wọ́n lọ.

Ní ti Glenary's, búrẹ́dì àti tíì ni kí ẹ lọ fún. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ lálẹ́, n kò sì rí ìdí tí ènìyàn fi ń tò fún adìyẹ tí a lè rí jẹ ní Kolkata. Ọ̀sán ni kí ẹ fi ṣe oúnjẹ ńlá. Bí ó bá di agogo mẹ́jọ alẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ti ń gbálẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ (Sábẹ̀ẹ́)

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Kétu. Ọ̀rọ̀ ìkòkò momo yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa Glenary's, torí pé ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ fi wò ó. Ojú àgbàlagbà ni kí a fi wò ó. Àwọn ilé oúnjẹ kékeré tí ẹ fẹ́ràn yẹn, bẹ́ǹṣì tóóró ni wọ́n ní, àtẹ̀gùn kan máa ń wà kí ènìyàn tó wọlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì lè wà ní òpópónà kejì. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń fẹ́ àga tó ní ẹ̀yìn, yàrá tó móoru, àti ibi tí wọ́n ti lè lọ ṣe àlùwàlá láìgun òkè. Glenary's ní gbogbo ìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti àkàrà òyìnbó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ibi ìmu-tíì, ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ wà lókè, ibi ọtí sì wà lọ́tọ̀.

Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kangchenjunga, tó ga ní 8,586 mítà, tó sì jẹ́ òkè kẹta tó ga jù lọ láyé, máa ń hàn ní òwúrọ̀ kí ìkùukùu tó bò ó. Oṣù tí ẹ ń lọ yẹn dára fún un, òjò ti dá. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó jáde, funfun lásán ni ẹ ó máa wò.

Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ni dal bhat, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni oúnjẹ àwọn onílùú, torí pé èdè Nepali ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Darjeeling ń sọ, oúnjẹ Nepal ni wọ́n sì ń jẹ nílé. Ìrẹsì gbígbóná ni, pẹ̀lú omi ẹ̀wà wẹ́wẹ́, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi òróró yí, àti ata díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìrẹsì tàbí ẹ̀wà bá tán nínú àwo yín, wọ́n sábà máa ń bù kún un. Ilé oúnjẹ Penang ni mo ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́, mo sì ti jẹ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi tí kò ní orúkọ lára ògiri. Ìyá kò ní ṣe ìyọnu kankan pẹ̀lú rẹ̀: kò ta, kò lọ́ràá, kò sì le fún eyín. Ẹ kàn sọ pé ẹ kò fẹ́ ẹran.

Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ní kinema, ẹ gbà á. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n sè jinná, tí wọ́n bò mọ́ inú ewé tàbí àpò títí tó fi ń yọ̀, tó sì ń rùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àlùbọ́sà àti tòmátì sè é lọ́bẹ̀. Irú wa ni, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò rẹ̀ níwájú mi, mo wẹ̀yìn bóyá ìyá mi ló dé.

Kí bàbá Ráfíù fọkàn balẹ̀, ata wà. Dalle ni wọ́n ń pè é, ó rí róbótó, ó pupa, wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú ìgò kí ó lè pẹ́. Wọ́n máa ń wo ojú àjèjì kí wọ́n tó gbé ìgò náà síwájú rẹ̀. Kí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi ìdajì ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀.

Alfa Oníṣòwò (Àjàṣẹ́)

Às-sàláámù aláékúm. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀fọ́ nìkan ni Mùsùlùmí lè jẹ ní Darjeeling. Mùsùlùmí wà ní ìlú náà, mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, àwọn alápatà Mùsùlùmí sì wà níbẹ̀. Kí ọmọ yín kí Jímọ̀ níbẹ̀, kí ó sì bi àwọn tó bá bá kírun léèrè ibi tí àwọn fúnra wọn ti ń jẹun. Wọn yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà. Bírìyánì (ìrẹsì tí wọ́n fi ẹran sè), rótì (búrẹ́dì pẹlẹbẹ) gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ẹran màlúù náà lè wà, torí pé West Bengal, ìpínlẹ̀ tí Darjeeling wà lábẹ́ rẹ̀, kò fi òfin dè é pátápátá gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ní Íńdíà ti ṣe.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sínú ìwé fún ìyá: sungur ni ẹlẹ́dẹ̀ lédè Nepali, khasi ni òbúkọ, kukhura ni adìyẹ. Tí a bá sì rí "mutton" nínú ìwé oúnjẹ wọn, ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n sábà ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àgùntàn. Ohun tí ilé oúnjẹ náà ń pa kò tó, ọwọ́ tó pa á ni kí ẹ béèrè.

Ìyá Ráfíù (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá, ọ̀rọ̀ irú yẹn ni wọ́n dì mú. Wọ́n ní bí wọ́n bá ní irú, a jẹ́ pé ènìyàn gidi ni wọ́n. Ó ku ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé a lè mu omi ibẹ̀? Kí ni ìyá yóò jẹ lẹ́yìn àsùbáà, torí pé wọn kì í padà sùn? Ṣé kí n gbé gàrí dání?

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Ìyá wa, mo ti gba ti Àbẹ̀kẹ́ lórí àga àti fèrèsé. Lórí oúnjẹ alẹ́ Glenary's, n kò tíì gbà.

Ẹ má mu omi ẹ̀rọ. Omi ṣọ̀wọ́n ní Darjeeling láti ọjọ́ pípẹ́, ọkọ̀ ńlá ló sì ń gbé omi lọ sí ọ̀pọ̀ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ, nítorí náà ẹ kò lè mọ ibi tí èyí tó wà nínú ife yín ti wá. Omi inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já, tàbí tíì tó ń hó, ni kí ẹ máa mu. Bí ẹ bá fẹ́ se omi fúnra yín, ẹ mọ̀ pé ní gíga ibẹ̀, nǹkan bíi ìwọ̀n 93 ni omi ti ń hó, kò dé 100 bíi tilé. Ìyẹn náà ló fà á tí ìkòkò tí wọ́n ń dé pinpin, tó ń súfèé, fi wà ní gbogbo ilé ìdáná: láìsí i, ẹ̀wà kò ní jinná bọ̀rọ̀.

Ní ti àárọ̀ kùtù, ìlú kì í jí bí ìyá ti ń jí. Tí ẹ bá lọ wo ìlàoòrùn ní Tiger Hill, àwọn obìnrin máa ń ta kọfí àti tíì látinú fìláàsì níbẹ̀ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ ra búrẹ́dì sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí sel roti, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì dídùn ṣe róbótó pẹ̀lú ihò láàárín, tí wọ́n sì fi òróró dín, ẹ ra ìyẹn náà, kì í tètè bàjẹ́. Ó wọ́pọ̀ ní àsìkò ọdún wọn, Dasain àti Tihar, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Ọ̀wàrà tàbí Bélú. Àmọ́ kí ọmọ wo ọjọ́ ọdún náà dáadáa, torí pé ní àwọn ọjọ́ Dasain gan-an, àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké máa ń tì kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè lọ sílé, nígbà tí àwọn ará Kolkata tó ń ṣọdún Durga Puja sì ti gbá gbogbo yàrá ìlú gbà.

Ẹ gbé gàrí, ìwọ̀nba. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ fi omi tútù mu ún nínú òtútù yẹn, ṣùgbọ́n èbà pẹ̀lú omi ẹ̀wà wọn dára. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa kí ẹ tó dà á sí i. Owó wẹ́wẹ́ rúpì ni kí ẹ sì mú dání fún àwọn ilé oúnjẹ kékeré. Ẹ fi euro ṣẹ́ ẹ ní Kolkata, torí pé ẹ kò ní rí ẹni tí yóò gba sẹ́fà lọ́wọ́ yín lórí òkè.

Àbẹ̀kẹ́ (Sábẹ̀ẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kò sọ tíì, tíì tí ìlú náà fi lórúkọ láyé! Ìyá Ráfíù, tíì oníwàrà tó dùn ni wọn yóò gbé fún yín ní ibi púpọ̀, ó sì dára fún òtútù, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹ mu èyí tí kò ní wàrà, tí kò ní ṣúgà. Nathmulls, àwọn tó ń ta ewé tíì, ní ibi ìmu-tíì kan ní Chowrasta, kò sí òkè kankan láti gùn. Oko tíì Happy Valley, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1854, wà nísàlẹ̀ ìlú, wọ́n sì ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe tíì han àlejò. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé ìyá lọ, kí ó sì gbé wọn bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà wá sílé, ẹ béèrè àsìkò tí wọ́n já ewé rẹ̀. Ti oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe ló fúyẹ́ jù, ló sì wọ́n jù, ti Èbìbí sí Òkúdù ló nípọn, ti Ọ̀wàrà sí Bélú ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa já nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ti ìgbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ gbà, kò wọ́n bíi ti àkọ́kọ́, ó sì gba ṣúgà fún ẹni tí kò lè ṣe kó má fi sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀ níwájú yín kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.